Ìwọ Lo Rán Mi Lọ sí Durumi

Wuye, Abuja.

Tọ́pẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti lọ́kọ. Jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí àyà mi tó já. Mo ti lọ́kọ, ọmọ mi, ní oṣù tó kọjá, ní kọ́ọ̀tù, pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kàbbà, sì wọ mọ́tò láti ilé wá ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí o bá pè tí o ní, "Mummy, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo ti lanu tán, o ní bátìrì fóònù rẹ fẹ́ kú, èmi náà sì yára ní ó dàbọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, inú bí mi sí ara mi. Ni mo bá lọ ra bébà.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Bàbá Olówùú ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Olówùú ti ọjà Wuye, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tó máa ń sín bọ́tìnnì sókùn fún ọ kí o fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré, tí o sì máa ń sunkún bí mo bá ní ká máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí kí bàbá rẹ tó kú. Mo sì ti kó kúrò ní Karu. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, mo ti kó wá sí ilé rẹ̀ ní Wuye níbí, nítorí Bàbá Olówùú kò gbà kí òun wá bá mi nínú ilé tí bàbá rẹ háyà. Ó ní ojú òun kò gbà á, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ìyẹn. Ohun méjì nìyẹn tí mo fi pa mọ́ fún ọ. Mo ti sọ méjèèjì.

Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà kì í yá ọ lẹ́nu. Abuja la ti tọ́ ọ, gbogbo ohun tí a bá sọ lo máa ń gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì lo sì fi máa ń dá wa lóhùn. Kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. Bí ibì kan bá le, fi han ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó ka ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Mi ò fẹ́ kó máa wo ojú mi rẹ́rìn-ín tó bá dé. Sẹ́kọ́ńdìrì nìyá rẹ kà mọ, Gẹ̀ẹ́sì mi á tán kí ọ̀rọ̀ mi tó tán.

Kí ló dé tí mo fi pa á mọ́? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ní Àjíǹde tó kọjá, Ìyá Díákónì wá bá wa jẹun ní Karu lẹ́yìn ìsìn. Ó ń họ ẹran lára eegun, ó ní, "Fúnmi, ọjọ́ orí rẹ kò tíì lọ o. Wá ẹni tí á máa bá ọ jẹ ẹran yìí." O gbé ṣíbí sílẹ̀. O ní, "Ẹ fi Mummy mi sílẹ̀, mà. Ọjọ́ tí ọkùnrin kankan bá wọ ilé yìí, èmi ò wálé mọ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì o padà sí Ìlọrin, nígbà tí ìsinmi gígùn dé o ní ìpolongo aṣọ tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kò ní jẹ́ kí o lè wá, o kò sì tíì wá títí di òní. Mo ń gbàdúrà fún ìpolongo náà, Tọ́pẹ́, mo sì ń jowú rẹ̀. Mo ṣì máa ń se ẹ̀wà tó tó ènìyàn mẹ́ta.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní kọ́ọ̀tù fún ọ. Akọ̀wé ní, "Bàbá, kí lorúkọ ìyàwó?" Bàbá Olówùú fi gbogbo ẹnu dáhùn, ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́." Akọ̀wé ní, "Sà, mi ò bá yín ṣeré. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni mo ń béèrè." Ó yíjú sí mi, òógùn bò ó, ó wá rọra bi mí pé, "Kí lorúkọ yín gan-an?" Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Kàbbà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ó dá ọ lójú pé ìwọ ni ó fẹ́ fẹ́?" O rí i pé orúkọ rẹ dé kọ́ọ̀tù kí tèmi tó dé.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé, mo bọ́ báàgì léjìká, mo sì nà án sẹ́yìn láìwẹ̀yìn wò, bí mo ṣe máa ń nà án fún ọ ní báńkì àti ní ọsibítù. Kò sẹ́ni tó gbà á. Mo dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi wà lókè. Bàbá Olówùú rí mi, ó yára gbà á. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mò ń wá kọ́ nìyẹn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà gan-an, síbẹ̀ ó dà bíi pé mò ń gbádùn rẹ̀ ní ilé onílé, nítorí pé o kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìwọ gan-an lo fà á. Ṣé o rántí àpò aṣọ àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kó jọ ní hósítẹ́ẹ̀lì? Ẹ ti gbé páálí kọ́rùn kiri ọgbà yunifásítì, ẹ ń sọ fún àwọn tí kò gbọ́ rí pé àwọn ènìyàn kan wà ní Abuja tí ìjà lé kúrò nílé wọn. Ẹ ti fọ mọ́tò àwọn olùkọ́ yín kí ẹ lè rí owó ọkọ̀. Ohùn rẹ ti há nígbà tí o pè mí. O ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e lọ sí àgọ́ wọn ní Durumi. Ẹ kàn gbé e fún wọn, ó parí."

Mo gbé e lọ. Kò parí.

Àwọn obìnrin àgọ́ náà tú àpò. Ṣòkòtò jíǹsì tí síìpù rẹ̀ ti lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ku bọ́tìnnì kan. Búláòsì tí apá rẹ̀ ti já. Wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n ká gbogbo rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó pọn ọmọ, Ladi lorúkọ rẹ̀, ó ti bá obìnrin Ìlọrin kan tajà rí, ó sì gbọ́ Yorùbá, ó gbé ṣòkòtò kan sókè, ó fi ojú kan wò mí láti ibi tí síìpù yẹ kó wà. Ó ní, "Sànnu, Mama. Ṣé fèrèsé nìyí?"

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa mí. Mo gba Wuye lọ, mo lọ bá Bàbá Olówùú. Ó ní, "Mélòó lẹ fẹ́ rà, Ìyá Tọ́pẹ́?" Mo ní mi ò ra nǹkan kan, mo wá tọrọ ni, mo sì sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé fún un. O mọ̀ bó ṣe máa ń dúnàádúrà bí ẹni ń jà. Lọ́jọ́ yẹn, kò dárúkọ owó. Ó gbé páálí síìpù kan sílẹ̀, ó gbé ike bọ́tìnnì lé e, ó ní, "Ẹ gbé e sábẹ́ aṣọ jáde o. Bí Ìyá Rukayat bá rí i, á ní kí n fún òun náà." Ìyá Rukayat ni ẹni tó ń ta gèlè ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sùn.

A jókòó sábẹ́ igi ní Durumi, a ń rán, a ń tú, a ń rán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ladi bi mí ta ló ni síìpù. Mo sọ fún un. Mo tún sọ fún un pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, wàá lọ kí i lárọ̀ ọ̀la pé ẹ ṣeun àná. Mo kàn fi ń tàkúrọ̀sọ ni. Àfi bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù mi lárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bá Ladi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n gbé másà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì wọn, sínú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ kí ẹni tó fún àwọn ní síìpù.

Mo ṣíwájú, a yí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Olówùú. Ladi fi Yorùbá kí i pé, "Ẹ ṣeun àná, Baba," ó gbé abọ́ fún un. Tọ́pẹ́, ọkùnrin tó máa ń fi ohùn lé àwọn oníbàárà dé títì kò lè sọ̀rọ̀. Ó gba másà, ó dì í mú, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ìyá Rukayat pariwo láti ẹ̀gbẹ́ kejì pé, "Ẹ wá wo nǹkan! Òwú ti dí Bàbá Olówùú lẹ́nu!" Nígbà tí àwọn obìnrin náà lọ tán, ó sọ fún mi pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, kò tíì sẹ́ni tó wá kí mi kú àná. Ọjà ni wọ́n máa ń wá rà."

Lárọ̀ ọjọ́ kejì, òun náà yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo mú wọn wá. Èmi náà lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ní mo wá dúpẹ́ pé ó wá dúpẹ́. Ó wá, mo lọ, ó wá. Ìyá Rukayat ní, "Irú ọpẹ́ wo lẹ ń dá tí kò tán yìí? Ṣé òwú nìkan lẹ sì ń rà níbẹ̀, Ìyá Tọ́pẹ́?" Nígbà tó yá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Mo ti wá ohun tí màá dúpẹ́ lé lórí lónìí, mi ò rí. Ṣé mo lè máa wá lásán?" Mo ní, "Ẹ máa wá lásán." Ibí gan-an ni mi ò fẹ́ kí ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn kà.

Ó dáa. Mo ti sinmi díẹ̀, mo ti mu omi. Ìmọ̀ràn ni mo sọ fún ara mi pé màá kọ, nítorí wọ́n ti fi ọ́ ṣe alága ìpolongo báyìí, ènìyàn púpọ̀ á sì máa wo ẹnu rẹ. Gbọ́ díẹ̀ tí mo ní.

Èkíní ni ti fọ́tò, mo sì mọ̀ pé òun ni o ń bínú sí. O fi èyí tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sórí páálí ńlá ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan wá yà ní Durumi: Ladi, ọmọ lẹ́yìn, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a má ṣe gbàgbé òun. O ní kí n fi sórí WhatsApp mi, kí n tún fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Mi ò ṣe é. O kọ ọ́ sí mi pé, "Mummy, ẹ̀yin náà?" Ó dùn mí dé egungun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ladi ti ń kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi báyìí. Ó jókòó tì mí nígbà tí fọ́tò náà wọlé. Ó yọjú sí fóònù.

"Kai! Ṣé èmi nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Kí ló ń pa mí lẹ́kún?"

"Ohun tí èmi náà fẹ́ bi ọ́ nìyẹn."

Ó gba fóònù, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ta jí. "Mama, èéfín ni! Ẹ wo ìkòkò lẹ́yìn mi. Igi tútù ni mo fi ń dáná. Inú mi ń dùn lọ́jọ́ náà o! Ọjọ́ náà gan-an lọmọ yìí kọ́kọ́ rìn."

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó da ojú fóònù délẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ìyá mi wà lọ́nà jíjìn. A kò tíì rí ara wa láti ọjọ́ tí a ti sá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní fóònù. Bí èyí bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyá mi á ní ìyà ń pa ọmọ òun kú lọ. Kò ní lè wá wò mí, kò sì ní lè sùn."

Tọ́pẹ́, mo rò ó nínú ara mi bí mo bá rí fọ́tò tìrẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e rìn. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó, ẹ tẹ òmíràn. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ á ní òun ni àwọn ènìyàn á rí tí wọ́n á fi mú nǹkan wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹkún tòótọ́ sì wà ní Durumi, mi ò ní kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń sunkún bóyá ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i, ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí ó máa sọ. Ìwọ ni alága, ìwọ lo máa sọ ọ́ níwájú wọn, bí wọ́n tilẹ̀ kùn. Ladi kò ní kí wọ́n má ya òun. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n wá ya òun nídìí ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí òun bá ti wé gèlè, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń ránṣọ, kí ẹni tó bá ní aṣọ gbé e wá. O rí i bí? Oníṣòwò ni.

Èkejì. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Kàbbà, àwa náà ṣe irú èyí. A ń kọrin láti ilé dé ilé, wọ́n ń fún wa níṣu, wọ́n ń fún wa ní gàrí, a sì rù ú lọ sí àgọ́ àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Èmi ni mò ń lé orin. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀rù bà wá. A da ẹrù sílẹ̀, a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá arúgbó kan jáde, ó ń ké tẹ̀ lé wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká kí yín!" A rò pé ó ń lé wa ni, a tún sáré sí i. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá ilé ìwé yìn wá níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, bàtà mi kan sì wà lójú ọ̀nà àgọ́ níbi tí mo sá fi sílẹ̀ sí. Ọpẹ́ nìkan ni ìyá yẹn ní láti fún wa, a kò sì dúró gbà á. Ọdún pípẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ti pín nǹkan tán, ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má gbé nǹkan kan dání, ẹ má gbé kámẹ́rà. Ẹ lọ jókòó. Bí wọ́n bá fún yín ní omi, ẹ mu ún. Bí wọ́n bá fún yín ní másà, ẹ jẹ ẹ́. Àwọn náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ fún ènìyàn.

Ti aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹ tó di àpò, kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìdánwò. Mi ò fẹ́ rí fèrèsé mọ́.

Máa jẹun. Ohùn rẹ ń há jù. Kí o ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ọ pẹ̀lú páálí lọ́rùn.

Èyí tó kù yìí ni mo ń sún síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé o ń sá, ọmọ mi. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ yín, mo sì ń fi ọ́ yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́jà. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè sá sínú iṣẹ́ rere kí ó má baà wọ ilé tí bàbá rẹ̀ kò sí mọ́. Èmi náà ṣe é. Ọdún tí bàbá rẹ kú, mo gba aṣọ ilé ìwé rán títí mi ò fi rí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, àwọn aládùúgbò ń sọ pé mo lágbára. Èmi kò lágbára. Mi ò kàn fẹ́ wà nínú yàrá yẹn ni. Nígbà náà ìwọ wà nínú yàrá kejì, ìwọ náà nìkan. Ká ní mo ti pa ẹ̀rọ, kí n wá jókòó tì ọ́, kí a jọ sunkún ká sì jọ jẹun, bóyá ilé kì bá tí máa bà ọ́ lẹ́rù báyìí.

Mi ò ní kí o yára fẹ́ràn ohun tí mo ṣe. Bí inú bá ń bí ọ, gbé ìbínú náà wá. Wá bínú níbí, níwájú mi, kí n máa rí ọ. Ìbínú tó wà ní Ìlọrin tí èmi wà ní Wuye, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe.

Yàrá rẹ wà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí a kó dé, mo ń bẹ̀rù àpótí irinṣẹ́ tí bàbá rẹ fi ń ṣiṣẹ́ iná, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí nínú ilé ọkọ mìíràn. Mo ti fẹ́ fún Bọ̀dá Kàbbà kó gbé e lọ. Bàbá Olówùú kò bi mí léèrè. Ó gbé e lé èjìká, ó kọ́kọ́ gbé e wọlé kí àga àti ìkòkò tó wọlé, ó gbé e sí yàrá rẹ, ó ní, "Irinṣẹ́ oníná gidi nìyí. Tọ́pẹ́ ló ni ín." Ó wá lọ jókòó níta. Mo dúró nínú yàrá yẹn pẹ́, mo sunkún bàbá rẹ, mo sì tún ń yọ̀, mi ò mọ bí méjèèjì ṣe gba inú mi.

O máa béèrè nípa ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ni, mi ò sì fi ṣọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀, kò sì sọ pé kí n fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday òun ló ń gbé mi lọ sí Karu nínú mọ́tò rẹ̀ tó ń húkọ́ yẹn, á dúró níta títí a ó fi ṣe tán. Ó ti mọ kọ́rọ́ọ̀sì méjì. Ó máa ń kọ ọ́ nígbà tó bá ń ka síìpù, Ìyá Rukayat sì ń halẹ̀ pé òun á sọ fún lèmọ́ọ̀mù. Orúkọ tí o máa pè é náà kò le. Ó ní òun ti ń jẹ́ Bàbá Olówùú fún ọ láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ kò tíì hù, òun ti dàgbà jù láti máa kọ́ orúkọ tuntun.

Báyìí ni a ṣe là á sílẹ̀. O ti sọ fún mi pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń kó ẹrù ìkẹyìn bọ̀ lóṣù Kejìlá, pé ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ máa sùn. Ẹ má sùn síbẹ̀. Àyè wà nílé. Àwọn ọmọkùnrin á sùn ní pálọ̀, ẹ̀yin obìnrin á sùn sí yàrá rẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa á lọ sí Durumi. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, a ó padà lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, a ó jókòó, Ladi á sì sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà a ó jẹun nílé, ẹbí tiwa àti ẹbí Bàbá Olówùú. Mi ò pe àlejò rẹpẹtẹ. Mi ò tíì jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó mi, Tọ́pẹ́. Bọ̀dá Kàbbà fẹ́ kí a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kọ́ọ̀tù, mo ní rárá, ẹni tí màá bù fún kò tíì dé.

Bí ẹ bá wọ Abuja, má sọ̀ kalẹ̀ ní Karu, a kò sí níbẹ̀ mọ́. Pè mí, màá wà lẹ́bàá títì, n ó wọ aṣọ pupa kí o lè tètè rí mi. Bí ọkàn rẹ kò bá tíì fẹ́ wọlé, a ó dúró níta fúngbà díẹ̀, èmi àti ìwọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń wo ọ̀nà,

Fúnmi.

Ìwọ àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ, Bọ̀dá Kàbbà, àwọn ọmọ Bàbá Olówùú láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti kọ ohun kan náà sí gbogbo yín, mi ò gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹ gbọ́dọ̀ ti dé ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, kí oòrùn tó wọ̀.